Ohùn Àwẹ̀ró Tó Sọnù Lójú Ọ̀nà Ímeèlì

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ará mi. Ẹ fún obìnrin tó pọn ọmọ yẹn láyè kó jókòó, kí ẹni tí ikọ́ ń ṣe sì tètè wú u kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìtàn ohùn ni mo fẹ́ sọ, n kò sì fẹ́ kí ohùn mìíràn dà á rú. Ẹnu Ọdẹ́níran, àgbà ọdẹ Ìsàlẹ̀-Ìgbẹ́, ni mo ti gbọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irọ́ ni, kó lọ bi í fúnra rẹ̀, kó kàn rí i pé ìbọn rẹ̀ kò sí nítòsí nígbà tó bá ń bi í.

Ọdẹ́níran kì í ṣe ẹni à ń fojú kéré. Òun náà kò sì jẹ́ kí a gbàgbé bẹ́ẹ̀. A máa sọ pé, "Ẹ̀yin ọdẹ ìsinsìnyí, ẹ̀yin tí ẹ ń fi tọ́ọ̀ṣì wá òkété! Nígbà tí mo wà ní géńdé, bí mo bá sín nínú igbó, àmọ̀tẹ́kùn á dáhùn pé 'Ẹ pẹ̀lẹ́, sà.'" Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo wà tí kì í fi fọ́nnu láyé rẹ̀, ìyẹn ni bó ṣe rí ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró. Bí ẹ bá bi í pé níbo ló ti rí i, á ní, "Inú igbó ni," á sì yí ọ̀rọ̀ padà sí ti ẹfọ̀n.

Àwẹ̀ró ní tirẹ̀, obìnrin tí ń kí gbogbo ènìyàn ni. A máa kí ẹni tó mọ̀, a máa kí ẹni tí kò mọ̀, a sì máa kí ewúrẹ́ tó bá dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó tó gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá. Ohùn rẹ̀ dùn. Bó bá ń ki ọmọ tó ń ké, ọmọ á dákẹ́, ìyá ọmọ ni yóò wá máa sunkún. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àìsàn kan wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Dókítà wò ó títí, ó ní àwọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ̀mí rẹ̀ kò ní bọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ní padà mọ́.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà gan-an ni Ọdẹ́bùnmi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, bí ọmọkùnrin ní ìlú òyìnbó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwẹ̀ró ní kí wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ Fádérera, obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé. Ó lé gbogbo ènìyàn jáde, àti ọkọ rẹ̀ pàápàá, nítorí orúkọ tó fẹ́ sọ ọmọ náà wà nínú ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, a kì í sì í pe orúkọ ọmọ síta kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Ìdajì wákàtí ló fi sọ̀rọ̀ sínú fóònù Fádérera. Nígbà tó parí, ó di ọwọ́ obìnrin náà mú.

"Ọmọ mi, bí o bá ń fi í ránṣẹ́, má kọ orúkọ kankan sára rẹ̀ o. Ó di ọjọ́ kẹjọ."

"Mo gbọ́, Màmá. N kò ní kọ nǹkan kan síbẹ̀."

Ọmọlúàbí ni Fádérera. Ibi tí kọ̀ǹpútà ní kó kọ àkọlé lẹ́tà sí, ó fi í sílẹ̀ lófìfo. Ibi tó ní kó kọ orúkọ ẹrù ohùn náà sí, ó kàn tẹ àmì kan ṣoṣo síbẹ̀ tí kò ní ìtumọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà débẹ̀. Ó fi ímeèlì náà ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí Ọdẹ́bùnmi fi dáhùn pé, "Lẹ́tà dé, àǹtí. Ẹ ní ẹrù rè é, ṣùgbọ́n n kò rí ẹrù kankan." Fádérera fi ọwọ́ gbá orí, ó ní àṣé òun ti gbàgbé láti so ẹrù mọ́ lẹ́tà. Ó so ó mọ́ ọn, ó tún fi ránṣẹ́, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ọjọ́ kejì, níbi tó ti ń fa omi, fóònù rẹ̀ já sínú kàǹga.

Ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ tún dé láti ìlú òyìnbó. Lẹ́tà ti dé, ẹrù kò dé. Fádérera wo inú kọ̀ǹpútà níbi tí lẹ́tà tó ti lọ máa ń wà. Ó rí lẹ́tà, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ẹrù wà ṣófo. Nígbà yẹn, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Àwẹ̀ró. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ó ń fi ọwọ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì, nítorí ohùn ti lọ. Bí a kò bá rí ẹrù yẹn, kò sí ẹni tí yóò tún gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láyé, ọmọ tuntun náà yóò sì pé ọjọ́ mẹ́jọ láìní orúkọ láti ẹnu ìyá ìyá rẹ̀.

Fádérera kúnlẹ̀ níwájú Ọdẹ́níran, ó bú sẹ́kún. "Bàbá Ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bínú sí mi. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́."

"Dìde, ọmọ mi," ni àgbà ọdẹ wí. "Ẹrù tó kúrò níbì kan tí kò dé ibì kejì, àárín ló wà. Ohun tó bá sì ti wà láàárín, iṣẹ́ tèmi ni."

Ó lọ sílé, ó wọ gbérí ọdẹ, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó fi iṣu sísun méjì sápò, ó padà wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. "Ṣí ilẹ̀kùn tí lẹ́tà ń gbà jáde," ló wí. Fádérera ṣí i. Ọdẹ́níran na ẹsẹ̀ ọ̀tún, gíláàsì ojú kọ̀ǹpútà là fún un bí omi odò, ó sì wọlé tòun tìbọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ara yín lójú níbẹ̀ yẹn, ṣé ẹ̀yin ni ẹ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ni?

Igbó tó bọ́ sí kò ní ewé. Ìró ẹsẹ̀ ló kún ibẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ ń sáré kọjá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìwé ni ara wọn, olúkúlùkù sì dé fìlà tí a kọ ohun tó ń bá lọ sí. Ọ̀kan ń bá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ, òmíràn ń bá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ. Ọdẹ tí kò gbọ́n á máa lé wọn kiri. Ọdẹ́níran jókòó sórí kùkùté, ó ń jẹ iṣu rẹ̀, ó ń wo orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tó jẹ iṣu kan tán, ọ̀kan ń bọ̀ tí kò dé fìlà rárá, orí rẹ̀ ṣófo gbáú.

"Ìwọ olórí òfìfo, ṣé Fádérera ló rán ọ?"

Ìránṣẹ́ náà dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Òun ni, Bàbá. Ẹ wo bó ṣe dójú tì mí! Nígbà àkọ́kọ́, ó ní kí n lọ sọ pé ẹrù rè é. Mo dé ọ̀hún, mo kígbe pé ẹrù rè é, mo yíjú wo ẹ̀yìn mi, n kò ru nǹkan kan. Nígbà kejì ló tó di ẹrù rù mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibodè Tóóró, oníbodè sọ ọ́ kalẹ̀ lórí mi, ó ní èmi nìkan ni kí n máa lọ."

"O kò bá a jà?"

"Bàbá, ìwé ni mí."

Ọdẹ́níran rí i pé òdodo ni. Ó fún un ní ẹ̀là iṣu kan, ó sì tọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà dé ibodè. Tóóró jẹ́ ọkùnrin kan tó ga fíofío, ara rẹ̀ tínínrín, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì tínínrín bíi tirẹ̀. Ó ní lóòótọ́ ni òun dá ẹrù náà dúró. Ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ, ìyẹn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Kò sì ní orúkọ, ìyẹn ló burú jù. Ẹrù tí kò bá lórúkọ, òun kì í fi sọ́dọ̀. Òun ti fà á lé Magbàágbọ́ lọ́wọ́, baálẹ̀ Ìlú Afurasí. "Bí o bá rí i gbà, mú un padà wá. Àmọ́ ilẹ̀kùn mi kò ní tìtorí ìbọn rẹ fẹ̀ sí i o."

Ìlú Afurasí! Ọdẹ́níran ní òun ti rí igbó tí igi inú rẹ̀ ń bú ènìyàn, òun kò sì rí ibi tí òpùrọ́ pọ̀ tó ibẹ̀. Bó ti wọ ẹnubodè ni ọkùnrin kan fò mọ́ ọn pé ọmọ ọba lòun, àpótí wúrà wà lọ́wọ́ òun, kó ṣáà sọ orúkọ ìyá rẹ̀ fún òun. Òmíràn ní òun ní òògùn tó ń mú irun hù lórí apárí. Ọdẹ́níran ṣí fìlà, ó fi ọwọ́ pa orí ara rẹ̀ wò, ó ronú díẹ̀, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin apárí tó jókòó síwájú.

Lẹ́yìn gbogbo ariwo yìí, ní kọ̀rọ̀ kan, ló ti rí igbá kékeré kan tí a fi aṣọ funfun bò. Igbá náà kò pariwo, kò bẹ ẹnikẹ́ni, ó kàn ń kùn jẹ́jẹ́. Ọdẹ́níran dúró. Ohùn tí ènìyàn ti ń gbọ́ láràárọ̀ fún ogójì ọdún, kò dìgbà tó bá sọ̀rọ̀ síta kó tó mọ̀ ọ́n. Ó na ọwọ́ sí igbá náà.

Ibẹ̀ ni Magbàágbọ́ ti jáde sí i, àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ le koko, tí kò sì sí ẹni tó rí eyín rẹ̀ rí. "Ta ló ni ẹrù yìí?"

"Àwẹ̀ró, aya mi."

"Ta ló fi í ránṣẹ́ sí?"

"Ọdẹ́bùnmi, ọmọ wa, àti ọmọ tó gbé lọ́wọ́."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Ọdẹ́níran kò mọ orúkọ ọmọ náà. Bó bá dá ọ̀kan sọ láti fi gba ẹrù, ó ti fi orúkọ èké pàdé ọmọ lójú ọ̀nà ayé nìyẹn. Ó sọ tòótọ́. "Baálẹ̀, nílé wa, ẹni tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ kò lórúkọ. Àlejò là ń pè é. Ìyàwó mi kò kọ orúkọ sí i nítorí ó bẹ̀rù fún ọmọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tan ẹnikẹ́ni."

"Gbogbo àwọn tó wà níbí ló ń sọ pé àwọn kò tan ẹnikẹ́ni," ni Magbàágbọ́ wí. "Màá ṣí i wò. Bí májèlé bá wà nínú rẹ̀, iná ló ń lọ."

Ọdẹ́níran di ọwọ́ rẹ̀ mú, nítorí ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má kọjá ìbẹ̀rẹ̀. Magbàágbọ́ ká etí aṣọ funfun náà. Ikọ́ kan ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni ohùn Àwẹ̀ró, ó gbẹ díẹ̀, ó sì dùn síbẹ̀:

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ojú ọ̀nà. Ẹ kú iṣẹ́ o. N kò mọ iye yín, n kò sì mọ orúkọ yín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ni ẹrù mi yóò gbà kọjá. Ọmọ mi ni mo fi ránṣẹ́ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ yín."

Magbàágbọ́ bo igbá náà padà. Àwọn òpùrọ́ pàápàá dákẹ́. "Láti ọjọ́ tí mo ti jókòó síbí," ló wí, "gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń bẹ̀ mí, wọ́n ń bú mi, wọ́n sì ń tàn mí. Kò sí ẹni tó kí mi kú iṣẹ́ rí." Ó fi apá aṣọ nu ojú, ó gbé omi tútù fún Ọdẹ́níran mu, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ìdí igbá náà pé, Àlejò ni, ẹ jẹ́ kó kọjá. "Bá mi kí i," ló wí. "Sọ fún un pé mo gbọ́."

Nígbà tí wọ́n padà dé ibodè, Tóóró fi igbá wọn ẹnu ilẹ̀kùn, ó mi orí. Igbá kéré lójú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdajì wákàtí ló wà nínú rẹ̀. "Màá bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Bí o bá mọ̀ ọ́n, o ti mọ bí o ṣe máa kọjá. Kí ló sún kì tí kò dín ládùn?"

Ọdẹ́níran rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. "Ṣé ọdẹ lo ń bi ní irú èyí? Ẹran gbígbẹ ni! Ẹ̀yin ará ibodè, ẹ wá wo ọ̀gá yín, ó ń kọ́ ẹja ní ìwẹ̀!" Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló ṣa igi, ó dá iná jẹ́jẹ́, ó gbé igbá sórí àtẹ bí ẹni ń yan ẹran. Kò jẹ́ kí iná náà jó sókè. Ó ń yí i síhìn-ín, ó ń yí i sọ́hùn-ún, bó ti máa ń yan ẹran fún Àwẹ̀ró nígbà tó lóyún Ọdẹ́bùnmi. Igbá ń sún kì títí ó fi kéré bí ẹyìn ọ̀pẹ. Ó gbé e sétí, gbogbo ohùn ṣì wà nínú rẹ̀, kò dín ikọ́ kan. Ó gba ilẹ̀kùn Tóóró kọjá, ààyè sì ṣẹ́kù.

Ẹ̀yin rò pé ó ti parí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi.

Ó dé ẹnu ọ̀nà Ọdẹ́bùnmi ní ọ̀sán ọjọ́ keje. Àpótí tí lẹ́tà rẹ̀ ń wọ̀ wà níta, ó sì kún dé ọrùn. Ohun tó kéré bí ẹyìn pàápàá kò rí ibi wọ̀. Ọdẹ́níran bínú. Ó ní irú ìdọ̀tí wo ni ọmọ òun kó jọ báyìí? Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fa ọ̀kan jáde. Ara rẹ̀ ló rí. Òun àti ẹfọ̀n ni. Ó fa òmíràn, òun àti ìkookò ni. Òun nínú gbérí tuntun, òun tó fẹsẹ̀ tẹ ejò, òun tó gbé ìbọn sókè láìsí ẹran kankan níbẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta, ó ti ní kí Fádérera bá òun fi ọgọ́sàn-án àwòrán ránṣẹ́, ńláńlá gbogbo wọn, ọmọ rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan nù.

Àgbà ọdẹ dúró síbẹ̀, ojú tì í, ó sì dùn ún. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ìṣẹ́ àti ìyà rẹ̀ gbogbo ló wà nínú àwọn àwòrán yẹn. Ó wo ẹfọ̀n, ó wo ẹyìn kékeré tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jù wọ́n sígbó. Èyí tó kẹ́yìn, òun àti àmọ̀tẹ́kùn ni, ó dì í mú pẹ́ díẹ̀. Ó jù ú nù. Ó fi ohùn ìyàwó rẹ̀ sínú àpótí náà, ó wọlé wọ́ọ́rọ́. Ó wá sú ìfé tó máa ń sú bó bá ti oko dé nígbà tí Ọdẹ́bùnmi wà ní kékeré. Ó gbọ́ tí àga dún nínú ilé, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń sáré bọ̀ wá wo àpótí. Ó yí padà sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ilé péjọ sí ṣọ́ọ̀bù Fádérera. Wọ́n gbé Àwẹ̀ró ti ilé ìwòsàn dé, aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì fi í sórí àga tó dára jù. Ojú Ọdẹ́bùnmi yọ nínú kọ̀ǹpútà, ọmọ wà láyà rẹ̀, ó ń ké kíkankíkan.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ẹ káàárọ̀, Bàámi. Ẹrù ti dé! Ṣùgbọ́n, Bàámi, gbogbo àwòrán yín ni n kò rí mọ́."

"Jẹ́ kí wọ́n lọ, ọmọ mi. Jẹ́ ká gbọ́ ìyá rẹ."

Ọdẹ́bùnmi tẹ̀ ẹ́. Ohùn Àwẹ̀ró kí àwọn ará ojú ọ̀nà, ó kí ọmọ rẹ̀, ó kí ọkọ ọmọ rẹ̀, ó kí agbẹ̀bí tí kò mọ̀. Ó ki ọmọ náà ní oríkì ilé wọn, ọmọ náà sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ pé:

"Ọmọ ọmọ mi, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo lọ ṣa igi, mo sọnù sínú igbó fún ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ìlú wá mi títí, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n padà sílé, wọ́n ní ẹranko ti jẹ mí. Ọdẹ kan tí kò mọ̀ mí rí kò padà. Ó wá mi dé ìdí igi tí mo wà. Bàbá ìyá rẹ nìyẹn. Kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó sunkún nígbà tó rí mi, kò sì fẹ́ kí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́. Nítorí náà, Ọdẹ́wándé ni mo sọ ọ́. Bí o bá sọnù lọ́jọ́ kan, fọkàn balẹ̀, má rìn jìnnà. A ó wá ọ dé."

Àwẹ̀ró ń la ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà láìsí ìró, gbogbo ọ̀rọ̀ ló sì bá ẹnu rẹ̀ mu. Ọdẹ́níran ń sunkún gbangba lójú àwọn ọdẹ, kò sì bo ojú. Àwẹ̀ró fa etí ìborùn rẹ̀, ó nu ojú ọkọ rẹ̀.

"Bàámi," ni Ọdẹ́bùnmi wí, "ṣé lóòótọ́ ni?"

"Lóòótọ́ ni. Inú igbó ni mo ti rí i. Tún un gbé sí i, ọmọ mi, kí ìyá rẹ gbọ́ ara rẹ̀."

Ibi tí mo bá ìtàn náà dé nìyí, ibẹ̀ náà ni mo ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó jìnnà, bí ẹ bá délé, ẹ kí wọn. Ẹ sì wo ẹ̀yìn lẹ́tà yín dáadáa kí ẹ tó rán an, bóyá ẹrù tí ẹ ní ẹ dì wà níbẹ̀ lóòótọ́.